Ṣé P₂O₅ ara àpò ajílẹ̀ àti P₂O₅ inú ìgò láàbù, ọ̀kan náà ni wọ́n?

Olùkọ́ Kẹ́mísírì, Àsẹ̀rò

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá síwájú yín, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá kan fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, yálà ní oko, ní ilé ìwé, ní ìsọ̀ ọṣẹ tàbí níbi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ, bá mi dá sí i. Àwọn ọmọ SS2 ni mò ń kọ́, a sì ti dé orí àwọn ọ́kísáìdì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ìyẹn ohun tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì (P) àti ọ́kísíjìn (O) bá pa pọ̀ dá. Ìwé wa sọ pé P₂O₅ jẹ́ ìyẹ̀fun funfun tí òùngbẹ omi ń gbẹ débi pé bí omi bá kán sí i, yóò hó ṣìì, yóò sì gbóná janjan. Ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ ń dáko ní ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá wá béèrè pé, bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, báwo ni àwọn ṣe ń fi ọwọ́ lásán wọ́n ajílẹ̀ NPK sínú ilẹ̀ tútù lẹ́yìn òjò, nígbà tí P₂O₅ wà lára àpò rẹ̀ gàdàgbà, tí kò sì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bó rí.

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè náà bí ó ti yẹ, kì í ṣe kí n kàn ní kí ó jókòó. Èkejì, ìgò kan wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí láàbù wa tí wọ́n kọ orúkọ nǹkan yìí sí lára. Ohun inú rẹ̀ ti dì gbagidi, etí ìdérí rẹ̀ sì ń sun omi kan tí ó ki bí oyin. Láàbù wa kò ní àpótí tí ń fa èéfín jáde. Kí ni kí n fi ìgò náà ṣe, kí sì ni mo lè fi han àwọn ọmọ láìsí ewu?

Bàbá Láàbù, Ìdí-Abà

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọlọ́mọ. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ìgò yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e sún mọ́ omi. Màá padà sórí rẹ̀.

Ní ti ìbéèrè ọmọ yẹn, kò sí P₂O₅ nínú àpò ajílẹ̀ kankan tí wọ́n ń tà ní ọjà Kútọ̀ tàbí ti Làfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta níbí, kò sì sí i nínú èyí tí wọ́n ń tà níbikíbi lágbàáyé. Iyọ̀ fọ́síféètì ni ó wà níbẹ̀, irú bíi ti ammóníọ̀mù àti ti kálísíọ̀mù, èyí tí òùngbẹ omi rẹ̀ ti tán kí ó tó di iyọ̀. P₂O₅ tí wọ́n kọ sí ara àpò, ọ̀nà ìṣirò lásán ni. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn onímọ̀ tí ń tú àpáta àti eérú ewéko wò máa ń ka ohun tí wọ́n bá rí bí ẹni pé ọ́kísáìdì ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá rí pọ́táṣíọ̀mù, wọn yóò kọ ọ́ ní K₂O. Bí ó bá jẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, wọn yóò kọ ọ́ ní P₂O₅. Àwọn tí ń ṣòfin ajílẹ̀ bá a níbẹ̀, wọn kò sì yí i padà, nítorí náà K₂O tí ó tẹ̀ lé e lára àpò kò sí nínú àpò náà pẹ̀lú. Ní Ọsirélíà àti New Zealand, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì gan-an ni wọ́n ń kọ, nọ́ńbà ara àpò tiwọn sì máa ń kéré sí tiwa fún ọjà kan náà.

Orúkọ P₂O₅ yẹn pàápàá kò bá ohun inú ìgò mu tán. Ìpín tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti ọ́kísíjìn fi wà nínú rẹ̀ ni àwọn ará àtijọ́ mọ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọn kò tíì mọ bí mólíkù rẹ̀ ṣe rí. P₄O₁₀ ni mólíkù náà. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ fi ojú rí i, ẹ ra ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin, kí ẹ sì wá ẹyọ ọwọ̀ mẹ́fà àti ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ to ọsàn mẹ́ta sílẹ̀ ní igun mẹ́ta, kí ẹ gbé ìkẹrin sí àárín lókè; ẹyọ ọwọ̀ mẹ́fà ni yóò so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ìyókù. Èyí ni P₄, ìyẹn fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì funfun. Ẹ wá tú u, kí ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ kan sí àárín ẹyọ ọwọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dá a padà: ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́fà ti wọlé, ẹ ti ní P₄O₆. Lẹ́yìn náà, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ìlẹ̀kẹ̀ kan mọ́ ẹ̀yìn ọsàn kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ni wọn, ẹ ti dé P₄O₁₀. Kò sí ọmọ tí yóò ṣe èyí tí yóò tún béèrè pé kí ló dé tí ọ̀kan fi jẹ́ mẹ́fà tí èkejì sì jẹ́ mẹ́wàá. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ níbi tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ti ń jó, P₄O₁₀ ni a óò rí. Bí afẹ́fẹ́ bá há, P₄O₆ ni.

Àgbẹ̀ Àlàbàtà

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí n fi ti oko kún un, nítorí pé owó àgbẹ̀ wà nínú ìṣirò yìí. Nínú P₂O₅, ìwọ̀n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì jẹ́ 62, ti gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 142, nítorí náà bí a bá fẹ́ mọ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì gan-an tí a rà, a ó fi 0.44 sọ iye tí ó wà lára àpò di púpọ̀. Àpò NPK 15-15-15 (ìyẹn náítírójìn 15, P₂O₅ 15 àti K₂O 15 nínú 100) tí ó jẹ́ kílò 50 ní P₂O₅ kílò 7.5 lórí ìwé. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ kò ju kílò 3.3 lọ. Àpò 20-10-10 ní kílò 5 lórí ìwé, ìyẹn kílò 2.2. Bí àyẹ̀wò ilẹ̀ bá wá sọ fún ènìyàn pé kí ó fi P₂O₅ kílò 30 sí hẹ́kítà kan, àpò 15-15-15 mẹ́rin ni. Àmọ́ bí ìwé àyẹ̀wò náà bá sọ pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kílò 30, ó ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, nǹkan bí àpò mẹ́sàn-án ni. Mo ti rí i tí àwọn méjì tí oko wọn fara kan ara wọn ń jiyàn lórí èyí, tí ọ̀kan ń ka P, tí èkejì ń ka P₂O₅, tí olúkúlùkù sì rò pé ẹnì kejì ń fi ajílẹ̀ ṣòfò.

Ní ti bí a ṣe ń lò ó, ẹ má ṣe wọ́n fọ́síféètì sórí ilẹ̀ bí ẹni wọ́n yúríà kí ẹ sì máa retí pé òjò yóò gbé e lọ sí ìdí gbòǹgbò. Fọ́síféètì kì í rìn jìnnà nínú ilẹ̀. Ní ilẹ̀ pupa wa tí irin àti álúmíníọ̀mù pọ̀ sí, bí ilẹ̀ náà bá tún kan, tí ásíìdì pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì yóò gbá fọ́síféètì mú, wọn yóò sì sọ ọ́ di ohun tí kò yọ́ mọ́. Ẹ gbẹ́ poro lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbù tàbí irúgbìn nígbà tí ẹ bá ń gbìn, ẹ dà á síbẹ̀, ẹ bò ó. Ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà tí a bá pò mọ́ ilẹ̀ máa ń dín bí irin ṣe ń gbá a mú kù. Bí ewé àgbàdo kékeré bá ń ní àwọ̀ àlùkò létí, tí ó sì ń ràrá, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni ó sábà máa ń ṣe aláìní.

Ẹ má sì ṣe da eérú tàbí láìmù tí a fi ń pa kíkan ilẹ̀ pọ̀ mọ́ súpà fọ́síféètì, ìyẹn ajílẹ̀ fọ́síféètì tí ń yọ́ nínú omi, ní ọjọ́ kan náà. Kálísíọ̀mù wọn yóò dá fọ́síféètì náà padà sí irú èyí tí kì í yọ́, owó á sì ti wọlẹ̀.

Aláwo Ajílẹ̀, Kútọ̀

Ẹ jọ̀wọ́, àwa tí a ń tà á, ohun tí oníbàárà máa ń béèrè ni nọ́ńbà tí ó tóbi jù. Ṣé kò tọ̀nà pé èyí tí P₂O₅ rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ó dára jù? DAP, ajílẹ̀ fọ́síféètì ammóníọ̀mù tí ó jẹ́ 18-46-0, ni mo máa ń dábàá, nítorí pé 46 kì í ṣe ẹgbẹ́ 15.

Àgbẹ̀ Àlàbàtà

Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà tí ó tóbi dára fún ẹni tí owó ọkọ̀ ń dùn, nítorí pé ẹrù yóò fúyẹ́. Ṣùgbọ́n súpà fọ́síféètì onípele kan, tí ó jẹ́ nǹkan bí 18, ní kálísíọ̀mù àti súfúrù tí DAP kò ní, ilẹ̀ tí a ti ń jó igbó orí rẹ̀ lọ́dọọdún sì máa ń wá súfúrù kiri. Bákan náà, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ní pọ́táṣíọ̀mù, kí ni yóò fi DAP nìkan ṣe? Àyẹ̀wò ilẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ ṣe. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí wa.

Ìyá Adìyẹ, Ọbáńtokò

Nọ́ńbà 18 tí ẹ ń dárúkọ yìí ni ó jẹ́ kí n wọlé, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Níbi tí a ti ń po oúnjẹ adìyẹ àti ti ẹja àrọ̀, DCP ni a ń rà, ìyẹn fọ́síféètì kálísíọ̀mù kan tí ó rí bí ẹfun lúbúlúbú. Lára àpò tiwa, wọ́n máa ń kọ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 18 nínú 100. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì gan-an ni àwọn onímọ̀ oúnjẹ ẹran ń kà, wọn kì í ka P₂O₅. Bí a bá fi ìṣirò àwọn alájílẹ̀ kà á, 18 tiwa yóò di nǹkan bí 41. Bí a bá sì fi ìṣirò tiwa ka súpà fọ́síféètì 18, kò tó 8. Ẹnì kan wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú àbá pé kí a máa fi súpà fọ́síféètì rọ́pò DCP, nítorí pé owó rẹ̀ kéré tí nọ́ńbà wọn sì dọ́gba. Mo ní rárá o, kí ó gbé ajílẹ̀ rẹ̀ lọ sóko.

Ìdí kejì tí mo fi kọ̀ ju ti ìṣirò lọ. Òkúta tí wọ́n ti ń ṣe ajílẹ̀ ní fuloráìnì nínú. Ewéko lè fara dà á, ṣùgbọ́n bí adìyẹ tàbí màlúù bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, yóò wọ egungun àti eyín wọn. Wọ́n ti yọ fuloráìnì náà kúrò nínú èyí tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ ẹran, ìdí sì nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ga.

Àwọn kan ń sọ pé àgbàdo àti sóyà ti ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó tó. Òótọ́ ni pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń pè ní fáítéètì, ikùn adìyẹ kò sì ní agbára láti tú u. Àfi kí a fi ẹ́ńsáìmù tí ń tú u sí oúnjẹ náà, tàbí kí a fi DCP tàbí lẹ́búlẹ́bú egungun kún un. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ òròmọdìyẹ yóò rọ, wọn yóò máa jókòó síbi kan, àwọn ènìyàn yóò sì máa ra òògùn àìsàn tí kò ṣe wọ́n.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì, Àsẹ̀rò

Ìyá, ẹ ṣé o. Nọ́ńbà 18 méjì yẹn, màá fi ṣe ìbéèrè ìdánwò. Bàbá Láàbù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ràn mí lọ́wọ́ lórí P₄O₆ àti lórí àwọn ásíìdì tí ó ti ara wọn jáde, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú àwọn ọmọ ti ń ṣú. Olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tún dábàá pé kí n ha ara páálí ìṣáná púpọ̀ jọ, kí n jó o nínú kíláàsì kí wọ́n lè rí èéfín funfun náà.

Bàbá Láàbù, Ìdí-Abà

Ẹ má dán an wò. Ohun pupa tí wọ́n fi kun ẹ̀gbẹ́ páálí ìṣáná ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pupa nínú, orí igi ìṣáná sì ní pọ́táṣíọ̀mù kúlóréètì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ya àwọn méjèèjì nípa ni. Ẹni tí ó bá ha wọ́n jọ síbì kan ti pe ìjàǹbá. Igi ìṣáná kan ṣoṣo tí ẹ bá ṣá ti tó: fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀ tí ó jó lójú ibi tí ẹ ti ṣá a ti di P₄O₁₀ nínú èéfín yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òórùn tí ń ta wá nímú, ti súfúrù ni. Láyé àtijọ́, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì funfun ni wọ́n ń lò, ó sì jẹ egungun párì àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìṣáná débi pé àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ Bryant & May ní Lọ́ńdọ̀nù daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1888, ìyà yìí sì wà lára ohun tí ayé gbọ́ nípa wọn nígbà náà. Ní 1906, àwọn orílẹ̀-èdè kan fọwọ́ sí àdéhùn ní Berne pé àwọn kò ní fi ṣe ìṣáná mọ́.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì funfun yẹn, ní nǹkan bí ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó ti lè gbiná fúnra rẹ̀. Lọ́sàn-án gangan ní Abẹ́òkúta, kò ní dúró de ìṣáná. Inú omi ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni ọ́kísáìdì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rí omi. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ. Wọn kì í gbàgbé. Ọkùnrin ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Hennig Brand ni ó kọ́kọ́ rí i ní Hamburg ní 1669, inú ìtọ̀ tí ó ń sè gbẹ ni ó sì ti rí i níbi tí ó ti ń wá wúrà. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó mọ̀ pé egungun ni ó kún fún un.

Ní ti P₄O₆, ìwọ̀n 24 ni ó ti ń yọ́, nítorí náà nínú ooru tiwa níbí, olómi ni yóò jẹ́, kì í ṣe ìyẹ̀fun. Ẹ má ṣe wá a fún láàbù, májèlé ni. Bí a bá fi í sínú omi tútù púpọ̀, yóò di H₃PO₃. P₄O₁₀ ní tirẹ̀ yóò di H₃PO₄, ìyẹn ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì. Ibi tí ó ń rú àwọn ọmọ lójú ni pé àwọn méjèèjì ní háídírójìn mẹ́ta. Nínú H₃PO₄, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rọ̀ mọ́ ọ́kísíjìn, ásíìdì náà sì lè yọ̀ǹda wọn. Nínú H₃PO₃, ọ̀kan rọ̀ mọ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, kì í kúrò níbẹ̀, méjì péré ni ó lè yọ̀ǹda. Kí wọ́n máa yàwòrán ibi tí háídírójìn kọ̀ọ̀kan wà kí wọ́n tó kọ èsì.

Omi tí P₄O₁₀ ń mu náà ní ìwọ̀n: gíráàmù 284 rẹ̀ yóò gba omi gíráàmù 108, a ó sì rí ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì gíráàmù 392. Bí omi kò bá tó bẹ́ẹ̀, ásíìdì mìíràn ni yóò jáde, èyí tí omi ara rẹ̀ kò pé. Thomas Graham ni ó la èyí yé ayé ní 1833, pé ásíìdì mẹ́ta tí àwọn ènìyàn rò pé ó yàtọ̀ pátápátá kò ju ọ́kísáìdì kan náà lọ pẹ̀lú omi tí kò dọ́gba. Òùngbẹ náà kì í ṣe kékeré. Ásíìdì súfúríìkì tí a kò bu omi là, èyí tí ń sọ ṣúgà di èédú dúdú, P₄O₁₀ ń já omi gbà lọ́wọ́ òun pàápàá, á sì sọ ọ́ di SO₃, ọ́kísáìdì súfúrù kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lò ó láti gbẹ gáàsì ní láàbù, àmọ́ kì í ṣe ammóníà, nítorí pé álíkálì ni ìyẹn, ásíìdì yóò sì gbé e mì. Ó tún ní àléébù kan: bí ó bá ti mu omi díẹ̀, awọ tí ó ki yóò bò ó lójú, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ kò sì ní rí gáàsì gbẹ mọ́.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Ìtòkú

Èyí tí omi ara rẹ̀ kò pé yẹn bá iṣẹ́ mi mu. STPP tí àwa tí a ń ṣe ọṣẹ olómi ń rà ní kílò kílò, ọ̀kan nínú ọmọ wọn ni: fọ́síféètì mẹ́ta tí a fi iná yọ omi láàárín wọn tí wọ́n fi so mọ́ ara wọn, pẹ̀lú sódíọ̀mù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó di kálísíọ̀mù àti magiṣíọ̀mù inú omi kànga mú, kí wọ́n má ṣe ba ọṣẹ jẹ́. Àwọn aláàdìrẹ tí ń ra ọjà lọ́wọ́ mi mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ bí wọ́n bá ń ṣan aṣọ.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kí ó máa wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sínú omi tí ó ń rò, nínú ike ọ̀tọ̀, kí ó tó dà á sínú àpòpọ̀. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sínú omi tí ó dúró jẹ́ẹ́, yóò dì mọ́ ìsàlẹ̀ ike bí sìmẹ́ǹtì, ẹ ó sì fi igi gbẹ́ ẹ. Bí ọṣẹ bá pẹ́ nílẹ̀, STPP inú rẹ̀ yóò máa tú padà sí fọ́síféètì lásán, agbára rẹ̀ yóò sì máa dín kù, nítorí náà ẹ má ṣe po èyí tí ẹ kò ní tà láìpẹ́.

Ẹ má sì fi ìwọ̀n tirẹ̀ ṣe fáàrí. Ohun tí ń mú àgbàdo dàgbà, òun náà ni ń mú ewé omi àti èéhọ̀ dàgbà nínú odò. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n ti fi òfin dín fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ọṣẹ ìfọṣọ kù gan-an láti 2013. Gọ́tà wa níbí, odò Ògùn ni ó ń lọ.

Alájàpá Ẹ̀wà, Làfẹ́nwá

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ṣé hóró òògùn tí wọ́n ń fi sáàárín àpò ẹ̀wà nítorí kòkòrò wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Wọ́n ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni, ó sì máa ń rùn bí ááyù.

Bàbá Láàbù, Ìdí-Abà

Ó wà nínú rẹ̀ dáadáa, ẹ ṣé tí ẹ mú un wá. Álúmíníọ̀mù fọ́sífáìdì ni. Kò ní ọ́kísíjìn kankan nínú. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá kàn án, yóò tú gáàsì fọ́sífíìnì, PH₃, jáde, gáàsì náà sì ni ń pa kòkòrò. Olùkọ́, ẹ lè fi èyí to àkàbà fún àwọn ọmọ: nínú PH₃, nọ́ńbà ọ́kísídéṣọ̀n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì (iye ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí a kà pé ó gbà tàbí pàdánù) jẹ́ −3, nínú P₄, òdo, nínú P₄O₆, +3, nínú P₄O₁₀ àti nínú ajílẹ̀, +5. Bí ẹ bá sì mú H₃PO₃ gbóná, apá kan rẹ̀ yóò gòkè di H₃PO₄, apá kan yóò sọ̀ kalẹ̀ di PH₃, ìdí kan sí i nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ gbé e kaná nínú láàbù tí kò ní ihò èéfín.

Ìyá, gáàsì yìí ń pa ènìyàn bí ó ṣe ń pa kòkòrò, kò sì sí òògùn kan pàtó tí ń pa oró rẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí tí a dí pa, tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí tàbí sùn tì, tí a sì fẹ́ atẹ́gùn sí dáadáa lẹ́yìn iye ọjọ́ tí ó wà lára ike òògùn náà, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó sì lò ó. Àwọn tí ń jù ú sínú báàsì ẹ̀wà tí wọ́n ń wọ̀n tà fún oníbàárà, tàbí tí wọ́n ń tò ó sábẹ́ ibùsùn nítorí pé iyàrá ni wọ́n kó ọjà sí, ń fi ẹ̀mí ṣeré. Eérú tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀ lè ṣì ní gáàsì nínú, ẹ má ṣe kó o dà sínú omi, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé gbá a. Ẹ̀wà díẹ̀ tí ẹ bá ń jẹ nílé, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ, ẹ kún un dé ẹnu, ẹ dé e pa. Afẹ́fẹ́ yóò tán mọ́ kòkòrò inú rẹ̀ nínú.

Ọmọ Ìfọ̀

Ìbéèrè kékeré ni tèmi. A máa ń gbọ́ pé òkúta fọ́síféètì wà nínú ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn, ní agbègbè wa níbí, bí ó ṣe wà ní Sókótó. Kí ló dé tí a kò lè lọ̀ ọ́ kí a dà á sóko tààrà?

Àgbẹ̀ Àlàbàtà

A lè ṣe é bí ilẹ̀ bá kan dáadáa tí ohun ọ̀gbìn sì jẹ́ èyí tí ń pẹ́ lóko, irú bí ọ̀pẹ àti kòkó, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni òkúta náà ń yọ́. Àgbàdo oṣù mẹ́ta kò ní lè dúró dè é. Ohun tí ilé iṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n ń da ásíìdì súfúríìkì sí òkúta lílọ̀ náà kí fọ́síféètì inú rẹ̀ lè di èyí tí ń yọ́ nínú omi, pẹ̀lú gíbúsọ́ọ̀mù. Súpà fọ́síféètì nìyẹn, John Lawes ni ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1842. Bí wọ́n bá fi ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì rọ́pò súfúríìkì, gíbúsọ́ọ̀mù kò ní sí níbẹ̀, nọ́ńbà ara àpò yóò sì gòkè dé 46.

Bàbá Láàbù, Ìdí-Abà

Kí n fi kún un fún Olùkọ́ pé ibì kan wà tí P₄O₁₀ tòótọ́ ti ń wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú iná ìléru mànàmáná tí ó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n ń po òkúta náà mọ́ èédú àti yanrìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yóò jáde bí gáàsì, wọn yóò jó o, wọn yóò sì fi omi pàdé ọ́kísáìdì náà lójú ẹsẹ̀. Ásíìdì tí ó mọ́ ni ó ń ti ibẹ̀ jáde, irú èyí tí ó yẹ fún oúnjẹ. Ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì wà nínú kólà tí a ń mu, òun náà sì ni àwọn apanẹ́ẹ̀lì ń fi nu ìpẹtà kí wọ́n tó kun ọkọ̀, nítorí pé ó ń sọ ìpẹtà di irin fọ́síféètì dúdú tí ó lẹ̀ mọ́ irin.

Ohun tí ẹ lè fi han kíláàsì nìyí. Ẹ sè ewé ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe zobo, ẹ má fi ṣúgà sí i, kí ẹ pín in sí ife mẹ́rin. Ẹ fi súpà fọ́síféètì tí a lọ̀ sí ọ̀kan, DCP sí èkejì, STPP sí ẹ̀kẹta, kí ẹ fi ìkẹrin sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ti súpà fọ́síféètì yóò pọ́n sí i, nítorí pé ó kan. Ti DCP kò ní yí padà tó bẹ́ẹ̀, púpọ̀ rẹ̀ yóò rọ̀ sísàlẹ̀ ife. Ti STPP yóò pàdánù pupa rẹ̀, yóò máa lọ sí àwọ̀ aró tàbí ti ewé. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì oní +5 ni ó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí àwọn ọmọ fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì tọ́ ọ wò.

Ó ku ìgò yín. Omi tí ó ki létí ìdérí yẹn ni ásíìdì tí P₄O₁₀ fi ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ṣe. Ó lè jó awọ ara. Èyí tí ó dì nínú lè ṣì gbẹ láàárín, bí omi bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ooru rẹ̀ lè fọ́ ìgò, kí ásíìdì gbígbóná sì ta sí ènìyàn lójú. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ tú ìdérí, ẹ má sì fi omi ṣan ìta rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ààbò, ẹ gbé e sínú ike onídèérí tí ẹ ti da yanrìn gbígbẹ sí, kí ẹ sì gbé ike náà sí ibi tí kò sí páìpù omi, tí kò sí ammóníà, tí kò sì sí igi tàbí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ gbé e síbẹ̀ sára ike. Bí iná bá sẹ̀ nítòsí rẹ̀, yanrìn gbígbẹ ni kí ẹ lò.

Lẹ́yìn náà, kí ọ̀gá ilé ìwé kọ̀wé sí ẹ̀ka kẹ́mísírì yunifásítì kan kí wọ́n rán ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe wá gbé e. Díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò máa fi í sínú omi tútù tí ó pọ̀ lábẹ́ àpótí èéfín; nǹkan náà ni wọ́n ń fi sínú omi, wọn kì í da omi sí i; wọn yóò sì fi sódà ìfọṣọ pa kíkan rẹ̀. Wọn yóò béèrè bí ó ṣe pọ̀ tó. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ìgò fún wọn, tàbí kí ẹ gbé ike náà sórí òṣùwọ̀n bí ó ṣe wà. Kò sí ìdí láti ṣí i wò.